Búṣìn Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Sheishen àti Ẹni Tí Wọ́n Ń Pè Ní Líle

Ọkọ̀ Sheishen ń jó. Iwájú rẹ̀ kò jó o. Ìdí rẹ̀ ló ń jó. Tí ọkọ̀ bá yà sọ́tùn-ún, ìdí á kọ́kọ́ yà sósì, á dúró ronú, kó tó gbà láti tẹ̀lé e. Tó bá gba orí afárá kọjá, iwájú á ti dé ọjà, ẹ̀yìn á ṣì máa kí àwọn tó wà lórí afárá lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ajá ìlú Kara-Balta ló máa ń lé mọ́tò, àmọ́ tí wọ́n bá rí ti Sheishen, orí òkìtì ni wọ́n ń sá gùn, torí kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìdí ọ̀hún máa gbà.

Rọ́bà ló fa gbogbo ẹ̀. Apá irin kan ló so táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan mọ́ ikùn ọkọ̀. Nínú ojú apá irin náà ni rọ́bà roboto kan wà tí wọ́n ń pè ní búṣìn, kí irin má bàa máa họ irin. Ti ọkọ̀ yìí ti bá a wá láti ilẹ̀ Japan. Ó ti gbó, ó sì ti sán bíi gìgísẹ̀ darandaran. Sheishen ti wá ra òmíràn, aláwọ̀ ìyeyè, tó yi bíi pátákò ẹṣin, irú èyí tí àwọn tó ń fi mọ́tò sáré ìdíje ń lò. Irin roboto kan bíi fèrè kékeré ló máa ń wọ àárín rọ́bà tuntun kọ̀ọ̀kan, bóòtù á sì gba inú irin ọ̀hún kọjá. Láìsí irin náà, rọ́bà tuntun ò wúlò ju ohun ìṣeré ọmọdé lọ.

Kì í ṣe torí ajá ni Sheishen ṣe fẹ́ pààrọ̀ búṣìn o. Torí ìyàwó rẹ̀ ni.

Nígbà tí wọ́n lọ sílé ìyá Aiganysh ní Talas kẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ jó lórí òkè Töö-Ashuu débi pé Aiganysh bi gbogbo ohun tó ti jẹ látìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó di àpáta mú, ó sì na ìka sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o, baálé mi. Ìgbà míì tá a bá ń lọ sílé ìyá mi, abọ́ wàrà kíkan kan ni mo máa gbé lé itan. Tí ẹ̀kán kan péré bá ta sí mi lára kí n tó dé ọ̀hún, mi ò tẹ̀ lé yín padà mọ́. Ẹ ó dá gbé ọkọ̀ oníjó yín wálé."

Aiganysh kì í fi ẹnu ṣeré. Nígbà kan, ó ní òun ò ní bá ìyàwó Ismar, aládùúgbò wọn, sọ̀rọ̀ àfi tó bá dá ajọ̀ òun padà. Títí dòní, tí iná bá ń jó ilé obìnrin yẹn, adìyẹ ni Aiganysh máa rán sí i.

Àsè ìkómọ ti wá dé nílé ìyá rẹ̀. Ọ̀la ni. Ìdí nìyẹn tí Sheishen fi wà lábẹ́ ọkọ̀ láti àárọ̀, nínú àgbàlá tirẹ̀, tó gbé ọkọ̀ lé orí kùkùté igi, tí ojú rẹ̀ dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò.

Nǹkan kan tún wà. Sheishen ò tíì mọ ìyàwó rẹ̀ dáadáa. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó tó fi lọ kọ́lé ní Rọ́ṣíà, ìgbà ìrúwé tó kọjá yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wálé pátápátá. Ohùn Aiganysh lórí fóònù ló mọ̀ jù. Nígbà tó wá dé, ó rí i pé obìnrin yìí máa ń pe nǹkan lórúkọ tí nǹkan ò jẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó ní kó lọ ra búrẹ́dì lẹ́yìn "ojú méjì tí kì í pàdé." Sheishen rìn títí bàtà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀ ẹ́, kó tó mọ̀ pé ojú irin rélùwéè ló ń wí.

"Kí ló dé tó ò pè é ní ojú irin?" ló bi í.

Aiganysh rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó wọ ilé ìdáná lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ara ti ń fu Sheishen. Tí màlúù bá wò ó lẹ́ẹ̀mejì, á fẹ́ mọ ẹni tó rán an. Tí ìyàwó rẹ̀ bá fi iyọ̀ díẹ̀ kún ọbẹ̀, á máa rò ó pé ta ló fẹ́ràn iyọ̀.

Láàárọ̀ yìí, ó ti tú apá irin sílẹ̀, ó sì dáná sun rọ́bà àtijọ́ kúrò lójú ẹ̀. Èéfín ọ̀hún dúdú débi pé àwọn adìyẹ rò pé ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n gun igi lọ sùn. Orí Ismar yọ lórí ọgbà. Ẹ̀yà Dungan ni Ismar, aáyù ló ń gbìn, ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ló sì ń kórè.

"Sheishen! Òkú ta lò ń sun níbẹ̀ yẹn?"

"Tìẹ ló kàn. Wá jókòó sínú iná."

"Ó dáa, ó dáa. Irin tí mo ní kó o tọ́jú sínú fìríìsà ńkọ́? Irin tí òtútù bá mú, ara rẹ̀ á sún kì, á sì wọ inú rọ́bà wẹ́rẹ́."

"Mo ti kó wọn síbẹ̀ láti alẹ́ àná."

Òótọ́ ni. Ó kó wọn sáàárín kazy, ìyẹn ìfun ẹṣin tí Aiganysh ki ẹran ẹṣin sí fún àsè. Ó sì ti bú ramúramù nínú ilé pé: "Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan àwọn irin yìí, èmi àti ẹ̀ la jọ máa dúró níwájú Ọlọ́run!" Ó pariwo débi pé bàbá rẹ̀, Temirbolot, tí etí rẹ̀ kì í gbọ́ ààrá, sọ lórí ẹní rẹ̀ pé kí wọ́n rọra.

Sheishen ti fi rọ́bà tuntun sójú apá irin tán, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀ pé kóun nu ibi tó máa de é mọ́, nígbà tó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lójú fèrèsé ilé ìdáná. Orí fóònù ló wà. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sì fi ń sọ̀rọ̀.

"Ṣé o ò tíì kúrò ní gáréèjì? Ọlọ́run ṣeun! Gbọ́, Líle wà lọ́dọ̀ rẹ... Mo ní Líle! Wò ó dáadáa, ó ti lẹ̀ mọ́ ẹran... Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n. Mú un wá kíá."

Sheishen na etí sí i.

"Ẹ̀yìnkùlé ni kó o gbà, inú oko aáyù. Ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ rí i... Ṣé o mọ̀ pé mi ò lè gun òkè lọ́la láìsí Líle? Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti gbó, ó ti sán, kò lè gbé nǹkan kan mọ́."

Fóònù dákẹ́. Sheishen náà dákẹ́. Àyà rẹ̀ nìkan ni kò dákẹ́; ó ń lù débi pé ikùn ọkọ̀ ń mì lókè orí rẹ̀.

Líle! Irú orúkọ wo nìyẹn? Ó rí ọkùnrin náà kedere: ó ga bí òpó iná, ọrùn rẹ̀ tóbi bí ọrùn màlúù, kò sì níṣẹ́ méjì ju pé kó lẹ̀ mọ́ ẹran kó máa jẹ. Ẹni tó ń mú un bọ̀ ńkọ́? "O" ni Aiganysh ń pe ìyẹn! Sheishen tó fẹ́ ẹ níṣu lọ́kà, "ẹ" ló ń pè é látìgbà tó ti dé, bíi pé olùkọ́ ilé ìwé ni. Gbó wo ló gbó? Sán wo ló sán? Ó fọwọ́ pa ojú ara rẹ̀ wò, gíríìsì nìkan ló bá níbẹ̀.

Ó jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó lọ ṣí fìríìsà. Ibi tí kazy wà ti ṣófo. Ibi tí irin wà náà ti ṣófo.

"Aiganysh!"

"Ẹ pè mí?"

"Irin mi dà?"

Aiganysh wo fìríìsà, ó wo òrùlé, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ń rò ó. Ṣé ẹ ò sọ pé òtútù á jẹ́ kí wọ́n sún kì ni? Bóyá wọ́n ti sún kì tán."

"Sún kì tán?"

"Òtútù yìí pọ̀, baálé mi. Ẹ lọ mu tíì ná. Kẹ́ ẹ tó mu tíì tán, wọ́n lè tún fẹ̀ padà."

Sheishen wò ó. Obìnrin náà ò wò ó padà. Gbogbo rẹ̀ wá yé e yékéyéké. Wọ́n ti kó irin pamọ́ kí ọkọ̀ má bàa ṣeé gùn. Lọ́la, Líle á dé pẹ̀lú ọkọ̀ olówó ńlá kan tí ìdí rẹ̀ dúró bí òkè, Aiganysh á gbé wàrà rẹ̀ lé itan, ó di Talas. Wàrà náà á dé láìta, òun á sì jókòó síbẹ̀ títí ayé.

Ó jáde sí àgbàlá. Ismar ṣì wà lórí ọgbà bí òòrẹ̀ tí kò rí ihò wọ̀.

"Ojú ẹ rí bí ojú ẹni tí wọ́n jí gbé," ni Ismar wí.

"Ismar, ṣé o mọ ẹnì kan tó ń jẹ́ Líle?"

"Líle?" Ismar họ ojú. "Mi ò mọ̀ ọ́n, àmọ́ orúkọ yẹn ò dára létí. Ẹni tó ń jẹ́ Rírọ̀ ì bá sàn. Ṣé irin ẹ ti wọlé?"

"Wọ́n ti jí i."

"Háà! Inú ilé?"

"Inú ilé."

Ismar rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ débi pé ìdajì àdúgbò nìkan ló gbọ́ ọ. "Nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ lọ, ọbẹ tí wọ́n fi ń gé nudúùsì ló kọ́kọ́ sọnù. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Irin ló ń kọ́kọ́ lọ."

Sheishen fi í sílẹ̀ lórí ọgbà. Ó mú sípánà tó gùn jù lọ, ó tún wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì na gbalaja bí ẹni ń ṣiṣẹ́. Ó ń fi sípánà lu irin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè rò pé iṣẹ́ ń lọ. Ojú rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé.

Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni gbogbo ayé fún un. Ẹsẹ̀ adìyẹ kọjá. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ nínú bàtà awọ rírọ̀ kọjá, ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Bàtà rọ́bà Aiganysh ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bíi bàtà ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Sheishen ń retí. Ó retí débi pé ewéko fẹ́rẹ̀ẹ́ hù lábẹ́ apá rẹ̀.

Ìgbà náà ló rí i. Láti inú oko aáyù, bàtà kan ń bọ̀. Bàtà tuntun, aláwọ̀ ilẹ̀, tí imú rẹ̀ ṣóńṣó débi pé ó dé àgbàlá kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó kúrò lóko. Ó ń dán. Kò sí ẹni rere tó ń wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ rìn nínú aáyù. Bàtà rọ́bà Aiganysh sáré lọ pàdé rẹ̀. Imú bàtà kan imú bàtà, ibẹ̀ ò sì jìnnà sí orí Sheishen rárá.

"Ṣé Líle wà nínú ẹ̀?" ni Aiganysh sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó wà nínú àpò," ni bàtà onímú ṣóńṣó dáhùn. "Ó ti tutù bí òkú."

Gbogbo irun ara Sheishen dìde dúró. Nínú àpò kẹ̀? Wọ́n ti pa Líle? Àánú ẹ̀ fẹ́ ṣe é díẹ̀, àmọ́ owú tún lé àánú jáde.

"Ọwọ́ mi ti kú," ni bàtà náà tún wí. "Gbà á, kí n máa sá lọ kó tó jáde."

Kó tó jáde! Sheishen sọ sípánà nù, ó na apá bí ejò, ó sì gbá ọrùn ẹsẹ̀ náà mú.

"Mo mú ọ! Líle! Lónìí ni wọ́n máa rọ̀ ọ́!"

Ariwo tí ẹlẹ́sẹ̀ náà pa, aáyù Ismar fúnra wọn hú jáde nílẹ̀. Ó ṣubú gbàgà, àpò fò lọ́wọ́ rẹ̀, Aiganysh ké "Yè!", Sheishen fẹ́ dìde láìrántí pé abẹ́ ọkọ̀ lòun wà, orí rẹ̀ sì lu ìsàlẹ̀ ọkọ̀ débi pé fèrè ọkọ̀ fúnra rẹ̀ dún. Nígbà tó fi máa fà jáde, tí kókó ti yọ níwájú orí rẹ̀ bí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ, Mirlan, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ló rí nílẹ̀, tó ń di ẹsẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n! Kí ni mo ṣe? Bàtà tuntun mi!"

"Mirlan? Ibo lo ti rí bàtà yìí?"

"Mo rà á lọ́jà nígbà tí mò ń dúró kí tákísì Talas kún! Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Líle dà?"

Mirlan wo Aiganysh, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ bo ojú. Sheishen fa àpò mọ́ra, ó tú u. Kazy ló wà nínú ẹ̀, tó ti dì gbagidi. Lára kazy náà, àwọn irin roboto rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́, bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọmú ìyá wọn.

"Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí mo kó kazy fún Mirlan pé kó máa gbé e lọ ṣíwájú, kí wọ́n lè tètè sè é," ni Aiganysh wí lábẹ́ ọwọ́. "Mi ò rí i pé nǹkan yín ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ sì ti ní ẹ̀yin àti ẹni tó bá fọwọ́ kàn án lẹ máa jọ dúró níwájú Ọlọ́run. Ẹ̀rù yín bà mí."

"Líle wá ni ta?"

"Òun náà nìyẹn."

"Èwo?"

"Èyí tẹ́ ẹ mú lọ́wọ́ yẹn."

"Irin nìyí!"

Aiganysh tún fọwọ́ bo ẹnu. Ìgbà náà ni ẹ̀rín kan bú jáde lábẹ́ igi. Temirbolot ni, bàbá tí kì í gbọ́ ààrá. Ó ti gbọ́ èyí. Ẹ̀rín mú un débi pé fìlà funfun rẹ̀ já bọ́.

"Sheishen, òmùgọ̀ ọmọ mi, kí lorúkọ mi?"

"Temirbolot ni, Bàbá."

"Kí ni temir túmọ̀ sí lédè wa?"

"Irin ni."

"Bolot ńkọ́?"

"Irin tí iná ti sè tó le." Ẹnu Sheishen ṣì wà ní ṣíṣí.

"Ìyàwó ilé gidi ni ìyá ẹ fẹ́ fún ẹ. Látọjọ́ tí ọmọ yìí ti wọlé, orúkọ mi ò já bọ́ lẹ́nu ẹ̀ rí, bó ṣe odindi ẹ̀, bó ṣe ìdajì. Àwọn ìyàwó tòde òní ń pe bàbá ọkọ wọn bí ẹni ń pe ajá, àmọ́ tèmi ò pe irin ní irin. Líle ló ń pè é. Ojú irin, ojú méjì tí kì í pàdé. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Màlúù gan-an mọ̀ ọ́n! Ìwọ nìkan tó o wà ní Rọ́ṣíà ni kò mọ̀."

Ismar rẹ́rìn-ín lórí ọgbà títí ọgbà náà fi wó díẹ̀. "Mo ṣáà ti sọ fún un pé kò sí nǹkan kan!" ló ń pariwo.

Sheishen kúnlẹ̀ ti apá irin. Ó yọ irin kúrò lára kazy, òróró ẹṣin ti kùn ún yíká, ó fi sínú rọ́bà tuntun. Ó wọlé wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Ó wá ku pé kí wọ́n de bóòtù pa. Kò ṣeé ṣe kéèyàn dè é pa nígbà tí táyà bá ń fì lófuurufú, torí búṣìn á dúró síbi tí kò yẹ kó dúró sí, á sì tètè ya. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró, kí ẹrù sì wà nínú ẹ̀. Wọ́n gbé táyà lé pákó nínípọn, wọ́n sì wá ẹrù. Bàbá wọlé jókòó, Mirlan wọlé pẹ̀lú bàtà tó ti sọ imú nù, Ismar fo ọgbà wá láìpè, ó wọlé pẹ̀lú àpò aáyù kan, Aiganysh jókòó sáàárín ẹ̀yìn. Sheishen wà lábẹ́ wọn, ó ń de bóòtù.

"Ṣé Líle ti wọlé dáadáa?" ni Aiganysh bi í látòkè.

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fò lórí pákó.

"Ẹ má mì!" ni Sheishen ké. Àmọ́ òun náà ń rẹ́rìn-ín, nínú òkùnkùn ibẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i.

Kí wọ́n tó lọ sùn, Bàbá pe Aiganysh, ó ní: "Ọmọ mi, mo yọ̀ǹda fún ẹ. Láti òní lọ, máa pe irin ní irin, kó o má bàa pa ọmọ yìí fún mi."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Aiganysh wí. Kò sì pè é.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti gòkè nígbà tí wọ́n jáde. Mirlan àti kazy wà níwájú, Aiganysh wà lẹ́yìn, abọ́ wàrà kíkan tó kún dẹ́nu wà lórí itan rẹ̀, aṣọ rẹ̀ sì funfun bí ẹyin. Bí ọkọ̀ ṣe yà sọ́tùn-ún, ìdí rẹ̀ yà sọ́tùn-ún. Àwọn ajá wò ó, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lé e bí wọ́n ṣe ń lé ọkọ̀ èèyàn. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú Sheishen.

"Ẹ rọra o," ni Aiganysh wí, "a ti dé ojú... ojú..."

"Ojú irin," ni Mirlan bá a parí ẹ̀.

"Ojú méjì tí kì í pàdé," ni Aiganysh wí.

Sheishen mú ọkọ̀ gun orí rélùwéè. Gbòrò, gbòrò. Nínú dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn, ó rí ẹ̀kán wàrà kan tó fò jáde nínú abọ́, tó gbéra sókè, tó bà lé ọrùn ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Kíá ni Aiganysh tẹrí ba, tó lá a.

"Aiganysh! Ṣé ó ta sí ẹ lára?"

"Kí ló ta?"

"Wàrà."

"Ẹ wo iwájú, baálé mi. Nǹkan kan ò ta."

Sheishen wo iwájú. Ara ń fu ú gan-an. Ó dá a lójú pé irọ́ ni obìnrin yìí ń pa, irọ́ tó ga ju Töö-Ashuu lọ. Kò tún béèrè mọ́. Ó gbé ọkọ̀ kọjú sí òkè.